Kùkùté máńgòrò àti ọsàn tí mo gbìn tì í

Ọdún kan àbọ̀ rèé tí wọ́n ti bá wa gé máńgòrò tó ń la fẹ́ǹsì ilé wa ní Ìkòròdú. Òkè nìkan ni ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé. Kùkùté àti gbòǹgbò ṣì wà ńbẹ̀. Mo gbé dígà tì í fún ọjọ́ méjì, mo jáwọ́. Ẹni tó mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Ìbàdí mi jẹ́rìí sí i.

Oṣù Kẹrin: òjò ti ń rọ̀, mo gbin ọsàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gba ìyẹ̀fun pákó àpò méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń lagi, mo pò ó mọ́ erùpẹ̀ kòtò. Ilẹ̀ wa pupa, kò lọ́ràá. Mo ní ohun tó bá jẹrà síbẹ̀ á sọ ọ́ di dúdú.

Oṣù Kẹfà: ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Mo rò pé omi ló pọ̀ jù, mo la ojú àgbàrá fún un. Pàbó.

Ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Keje: mo wú u. Gbòǹgbò máńgòrò kan tó tó ọrùn ọwọ́ mi ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé bí ẹni tẹ àkàrà àná. Èèpo nìkan ló ṣì le. Inú rẹ̀ ń rùn bí ibi tí olú ti hù, nǹkan funfun tín-ín-rín bí òwú bò ó, ó sì ti nà wọ inú ìyẹ̀fun pákó. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Àwọn olú àti kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ pákó nínú ilẹ̀ ò lè ṣe é láìsí náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, pákó ò sì ní in tó, ni wọ́n bá ń fà á nínú erùpẹ̀ tí ọsàn fẹ́ jẹ. Tí pákó bá jẹrà tán, á padà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọsàn mi ò lè dúró dè é. Ká ní orí ilẹ̀ ni mo tẹ́ ìyẹ̀fun yẹn sí, ì bá má rí báyìí.

Mo gbé ọsàn lọ sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àlàájà tó ń sin adìẹ lójúlé kejì fún mi ní ìgbẹ́ adìẹ, mo fẹ́ dà á sí i lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, tútù ni o, á jó o ní gbòǹgbò. Kó o jọ kó jẹrà ná." Orí kùkùté ni mo wá da tútù sí, mo fi erùpẹ̀ bò ó. Ìyẹn ni kó jó.

Oṣù Kẹjọ: ewé tuntun mẹ́rin, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kùkùté ti rì tó ìka mẹ́rin. N kò tíì dí i, torí yóò ṣì rì sí i. Ikán ti débẹ̀. Kí wọ́n máa jẹun lọ, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni mò ń yẹ férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wò.