Kẹ́ ẹ tó gbé òkú èèyàn yín fún wọn, ẹ bi wọ́n ta ló máa sun ún

Ọ̀rọ̀ ilé ìsìnkú yìí, ìgbà tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀ tán ni ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wá a, orí ti dàrú, ojú ti wú, wọ́n á ní kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé síbí síbẹ̀, ẹ ó sì máa buwọ́ lù ú torí kò sẹ́ni tó lágbára àtikàwé lọ́jọ́ yẹn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ báyìí tí ọkàn ṣì balẹ̀.

Èmi fẹ́ràn ilé ìsìnkú tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, tí òbí àtàwọn ọmọ jọ ń ṣe é, èyí tó bá tún ní iná tí wọ́n fi ń sun òkú nínú ọgbà ara ẹ̀ ló tiẹ̀ wù mí jù. Kì í ṣe pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá ò mọṣẹ́ o. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé ilé ìsìnkú tí ò ní iná tiẹ̀ pọ̀, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sun òkú, wọ́n á gbé e lọ bá ẹlòmíì tó ń bá wọn sun ún, tó bá yá wọ́n á lọ gba eérú wá. Òfin ò kọ̀ ọ́, àmọ́ ọwọ́ tí òkú gbà kọjá á ti pọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gbogbo ẹ̀ lójú kan, ẹni tó gbé ìpè yín lórí fóònù lóru lè jẹ́ òun náà ló máa wá gbé òkú, kí ọmọ ẹ̀ wà nídìí iná, kí ìyàwó ẹ̀ gbé eérú lé yín lọ́wọ́.

Wọ́n á bá yín gbé òkú tọ̀sántòru, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á sáré ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ. Ti gígún òkú lábẹ́rẹ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ojú iṣan ni wọ́n ń gbà fa oògùn tó ní fọ́máálìn, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí òkú tètè bàjẹ́, sínú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde, ó dáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ́ òkú kí èèyàn wá wò ó, àmọ́ tó bá jẹ́ pé sísun lẹ ní kí wọ́n sun ún kíá, ẹ ò nílò ẹ̀. Pósí náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìtẹ́ nìkan lẹ máa lò ó, àwọn míì ń yáni lò, páálí tó le tó ni wọ́n á wá gbé òkú sí wọnú iná.

Níbi iná gan-an, ohun tó máa ń ba gbogbo èèyàn lẹ́rù ni pé ṣé òkú tiwa ni eérú tí wọ́n gbé fún wa yìí. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn rárá. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó ní nọ́ńbà ti òkú, ó bá a wọnú iná, ó sì bá eérú jáde. Mo ti dúró níbẹ̀ rí, mo rí ọmọ tó gbé irin yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń ka nọ́ńbà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá ẹ̀ ń fi bírò tọ́ka sí i nínú ìwé, ìgbà tó pé ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ ní kẹ́ ẹ wà níbẹ̀, wọ́n máa ń gbà.

Òkú kan lẹ́ẹ̀kan ni. Iná ẹ̀ máa ń tó 760 sí 980 lórí ìwọ̀n Celsius, ó sì lè gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta, ó sinmi lórí bí ara ṣe tóbi tó. Tó bá tutù, wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa ìṣó àti irin kúrò, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ lọ egungun tó kù kúnná. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó kílò méjì sí mẹ́ta, ó rí hóró-hóró, ó sì wúwo lọ́wọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tí olóògbé bá ní pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tí dókítà ń fi sábẹ́ awọ àyà yẹn, ẹ sọ fún wọn o! Bátìrì ẹ̀ máa ń bú gbàù nínú iná, ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ó lè ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ léṣe. Òrùka, yẹtí, ẹ bọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, torí kò sí pé ẹ máa padà rí i.

Owó ńkọ́. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ iye nǹkan sí ní ẹyọ-ẹyọ, kì í ṣe àpapọ̀ kan gbàǹgbà. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, òfin ti sọ èyí di dandan láti 1984, tẹ́ ẹ bá béèrè lórí fóònù pàápàá wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kọ pósí tẹ́ ẹ rà wá láti ibòmíì. Níbi tí òfin ò ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè bákan náà, ilé tó bá ń wojú yín tí ò lè dáhùn, ẹ gba ibòmíì lọ.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gba eérú sílẹ̀ níjọ́ àkọ́kọ́, torí ẹni yẹn ni wọ́n máa gbé e fún, ibẹ̀ sì ni ìjà mọ̀lẹ́bí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ tètè wí, wọ́n á bù ú sínú ìkòkò kéékèèké. Ẹni tó bá sì máa gbé tiẹ̀ wọ bàálù, kó má gba ìkòkò onírin, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ò lè ríran wọnú ẹ̀, igi tàbí ike ni kó gbà.