Houston sí Dallas: bí ẹ ṣe lè yà sí Buc-ee's láì fi wákàtí kan ṣòfò

Ẹni tó ń gbé Houston, tí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ bá gbé lọ sí Dallas lópin ọ̀sẹ̀, I-45 ni yóò gbà. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi máìlì 240, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọmọdé kò lè jókòó tán án lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yà sí Buc-ee's, ilé epo ńlá tó ní ẹranko eléyín gígùn tó dé fìlà pupa lára pátákó rẹ̀.

Ọdún 1982 ni Arch Aplin àti Don Wasek dá a sílẹ̀ ní agbègbè Lake Jackson, ní gúúsù Houston. Èyí tó wà ní New Braunfels ní pọ́ǹpù 120. Èyí tí wọ́n tún kọ́ sí Luling ní 2024, lójú ọ̀nà San Antonio, fẹ̀ tó 75,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Láti 2019 ni wọ́n ti kọjá Texas, Alabama ni wọ́n sì kọ́kọ́ lọ. Òfin kan wà níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ilé epo ńlá mìíràn: tírélà onítáyà 18 kò gbọdọ̀ wọlé. Èyí ló jẹ́ kí àyè gba mọ́tò kéékèèké, òun náà ló sì fà á tí kò fi sí balùwẹ̀ tí èèyàn ti lè wẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ lójú ọ̀nà, Love's tàbí Pilot ni kó yà sí, níbi tí àwọn onítírélà ti ń sanwó wẹ̀.

Ohun méjì ló dára jù ní Buc-ee's: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, àti pọ́ǹpù tó pọ̀ débi pé ẹ kò ní tò pẹ́. Ọjà tó wà láàárín méjèèjì ló ń jẹ àkókò. Aṣọ, ohun ìṣeré ọmọdé, irin tí wọ́n fi ń yan ẹran, súìtì, ohun ọ̀ṣọ́ ilé, gbogbo rẹ̀ ló ń fa ojú. Ìdúró ogún ìṣẹ́jú a di wákàtí kan torí pé ẹni márùn-ún sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó kan òun. Kí ọkọ̀ tó dúró ni kí ẹ ti pín iṣẹ́: ta ni yóò ra epo, ta ni yóò mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ta ni yóò gba oúnjẹ, aago mélòó ni gbogbo yín yóò pàdé nídìí ọkọ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, pàápàá bí ìyá tàbí bàbá tó wá láti ilé bá wà pẹ̀lú yín. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì jọra.

Ní Texas, máìlì ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà exit. I-45 bẹ̀rẹ̀ láti Galveston, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ń lọ sí àríwá. Àárín gbùngbùn Houston wà ní nǹkan bíi 47, Buc-ee's ti Madisonville wà ní exit 142, àárín Dallas sì wà ní nǹkan bíi 284. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ ti mọ iye máìlì tó kù láì wo fóònù: 95 láti Houston dé Madisonville, 142 láti ibẹ̀ dé Dallas. Nítorí náà, bí àwọn èèyàn bá ń pe Madisonville ní ìdajì ọ̀nà, ẹ rántí pé ohun tó kù ju ohun tí ẹ ti rìn lọ. Òmíràn wà ní Ennis lójú ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti sún mọ́ Dallas. Ẹni tó fẹ́ ra epo kó tó wọ ìlú ló wúlò fún jù.

Ọ̀pọ̀ ló ń kọjá exit nítorí pé wọ́n ń dúró kí wọ́n fojú rí ilé epo kí wọ́n tó yà. Ẹ kò ní já láti márosẹ̀ bọ́ sí àgbàlá rẹ̀ tààrà. Feeder ni ẹ ó kọ́kọ́ bọ́ sí, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó ń bá márosẹ̀ rìn, exit sì lè ti wà lẹ́yìn kí ẹ tó rí pátákó. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa wò. Lábẹ́ òfin Texas, ẹni tó ń jáde láti márosẹ̀ ló ni ọ̀nà, ẹni tó wà lórí feeder ló yẹ kó dúró fún un. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dúró, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín dáadáa. Bí ẹ bá ti kọjá exit, ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn rìn padà. Ẹ lọ sí èyí tó kàn, kí ẹ yí padà lábẹ́ afárá; níbi púpọ̀, ọ̀nà àyípadà wà lọ́wọ́ òsì pátápátá tí kò ní kí ẹ dúró de iná.

Lásìkò Thanksgiving, Memorial Day àti 4 Oṣù Keje, ìlà ọkọ̀ lè gùn dé orí exit. Bí ẹ bá rí i pé ìrù ìlà náà ti kan márosẹ̀, ẹ fò ó, ilé epo kékeré wà níwájú. Ọkọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mìíràn ti ń sá máìlì 75 ní wákàtí kan wà nínú ewu ńlá.

Nídìí pọ́ǹpù, káàdì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá ki káàdì ATM bọ pọ́ǹpù, ẹ̀rọ kò tíì mọ iye epo tí ẹ fẹ́ rà, nítorí náà ó máa ń ní kí báńkì di owó kan mú ná. Owó yẹn lè tó dọ́là 175, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo dọ́là 40 lẹ rà. Báńkì lè tú u sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan. Bí owó tó wà nínú àkáǹtì bá kéré, káàdì yẹn lè kọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ kan náà, olówó rẹ̀ yóò sì rò pé wọ́n ti jí owó òun. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: ẹ lo káàdì kírẹ́díìtì, tàbí kí ẹ wọlé lọ bá akọ̀wé owó, ẹ sọ nọ́ńbà pọ́ǹpù yín àti iye tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì sanwó tán kí ẹ tó fa epo. Ọ̀nà kejì yìí náà ló dára fún àlejò tó mú káàdì láti Nàìjíríà tàbí London, torí pé pọ́ǹpù sábà máa ń béèrè ZIP code oní nọ́ńbà márùn-ún tí káàdì wọn kò ní.

Ẹ wo ìdérí táńkì tàbí ìwé ọkọ̀ kí ẹ lè mọ octane, nọ́ńbà irú epo tí ọkọ̀ yín ń lò. Bí wọ́n bá kọ 87 síbẹ̀, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ Camry àti Accord, 93 kò ní fi agbára kún un. Owó yín ló máa jẹ. Ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán pọ́ǹpù níwájú dírẹ́bà ló ń sọ apá tí ẹnu táńkì wà. Bí ẹ bá ń fa epo lọ, tí ẹnu pọ́ǹpù sì dún tó dá dúró, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Epo tí ẹ bá tún fún mọ́ ọn lè dé inú ohun èlò tó ń gba ooru epo, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ yí ìdérí náà títí yóò fi dún. Bí kò bá dé dáadáa, iná ẹ́ńjìnnì lè tàn lójú ọ̀nà, kí ọkàn yín sì máa ṣe gìrì lásán.

Ẹ̀yin tó ti ń wa ọkọ̀ nílùú Ọba, ẹ fiyè sí àwọ̀. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ pọ́ǹpù aláwọ̀ ewé jẹ́ ti bẹntiróòlù, dúdú sì ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Ní Amẹ́ríkà, aláwọ̀ ewé sábà máa ń jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ má fi àwọ̀ dá a mọ̀. Bí epo tí kò tọ́ bá ti wọlé, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ pe ẹni tí yóò fa ọkọ̀ lọ kí wọ́n fa epo náà jáde.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ gbajúmọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ti New Braunfels gba oyè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára jù ní Amẹ́ríkà ní 2012. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ga, ó sì kanlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí ẹsẹ̀ ẹnìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń nù ún tọ̀sán-tòru, kò sì sí ẹni tó máa béèrè bóyá ẹ ti ra nǹkan. Bébà nìkan ló wà fún ìnùdí. Ẹni tó ń fi omi ṣanra kó mú bútà kékeré tàbí ike omi tirẹ̀ lọ́wọ́, kó pọn omi sínú rẹ̀ níbi ìfọwọ́ kó tó wọlé. Ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá náà, ike omi yẹn ni kó lò níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Gbígbé ẹsẹ̀ sínú ibi ìfọwọ́ ń tú omi sílẹ̀, ẹlòmíràn á sì yọ̀ ṣubú.

Ẹ má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí pé ó ń sùn. Òfin Texas ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láìsí ẹni tó tó ọdún 14 pẹ̀lú rẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ sì le ju òfin lọ: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru inú ọkọ̀ lè fi nǹkan bíi dìgírì Celsius 11 lé sí i. Jíjí ni kí ẹ jí i.

Ní ti oúnjẹ, brisket ni olórí. Igẹ̀ màlúù ni, wọ́n á fi èéfín sè é pẹ́ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gé e lójú yín, wọ́n á sì fi sínú búrẹ́dì. Ó dùn gan-an. Àmọ́ kò sí àga tàbí tábìlì ìjẹun nínú ilé, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń kán, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ nídìí ọkọ̀ kí ẹ tó gbéra, kí dírẹ́bà má jẹ ẹ́ lórí ìrìn rárá. Ẹni tó ti wọ léèsì funfun lọ sóde kò ní bá ọbẹ̀ yẹn rẹ́. Ẹran gbígbẹ tí wọ́n tò sí ara ògiri dà bíi kìlíṣí lójú, ṣùgbọ́n ṣúgà wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó ka ẹ̀yìn ọ̀rá náà dáadáa: iye iyọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ti ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀rá kan sì lè ní ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kolache, búrẹ́dì tí àwọn ará Czech tó tẹ̀dó sí Texas mú wá, sábà máa ń ní sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Mùsùlùmí kó béèrè kó tó mú, tàbí kó mú èyí tí wọ́n fi èso sí.

Bó bá jẹ́ pé kúlà ìrẹsì òde lẹ gbé sẹ́yìn ọkọ̀, ìdúró yìí kàn án. Oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ wà ní dìgírì Celsius 60 sókè, èyí tó tutù ní dìgírì Celsius 4 sísàlẹ̀. Oúnjẹ tó bá ti wà láàárín méjèèjì fún wákàtí méjì, kò yẹ ní jíjẹ mọ́. Bí ooru ìta bá ju dìgírì Celsius 32 lọ, wákàtí kan péré ni. Oṣù Keje ní Madisonville, wákàtí kan yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Ẹ má ṣí kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù láti tọ́ ọ wò, ẹ ra áìsì tuntun sí kúlà ohun mímu, kí ẹ sì da omi tó ti yọ́ nù kí ó má wọ inú ẹran.

Ẹ wo táyà, ṣùgbọ́n ẹ má yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n tó wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà jẹ́ ti táyà tó tutù. Lẹ́yìn máìlì 95 lórí ọ̀dà gbígbóná, ó máa fi mélòó kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò yóò jí lọ́jọ́ kejì bá táyà tó rọ̀. Bí ẹyọ kan bá kéré sí mẹ́ta yòókù gan-an ni kí ẹ wá ìṣó nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń lọ sí àgọ́ RCCG ní Floyd, nítòsí Greenville, lè yà sí ti Royse City lórí I-30 lẹ́yìn Dallas. Àwọn tó ń lọ sí Atlanta, tó tó nǹkan bíi máìlì 800, ẹ má fi epo dúró de orúkọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn Buc-ee's ti Baytown, ní ìlà-oòrùn Houston, ẹ ra epo níbikíbi tó bá mọ́ ní Louisiana, kí gbogbo ará ọkọ̀ sì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Lafayette, torí pé afárá Atchafalaya tó wà níwájú gùn tó máìlì 18, exit orí rẹ̀ kò sì pọ̀.

Bí oorun bá ń kun dírẹ́bà, kọfí kò tó. Buc-ee's kì í gbà kí èèyàn sùn mọ́jú ní àgbàlá rẹ̀. Ibùdó ìsinmi ìjọba Texas tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ gbà yín láàyè títí dé wákàtí 24, lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ kò bá ti pa àgọ́. Pátákó búlúù ló ń tọ́ka sí i. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dá aago sí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì jẹ́ kí dírẹ́bà sùn.