Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí kò lágbára mọ́

Tí ẹ́ńjìnnì bá stáàtì dáadáa ṣùgbọ́n tó ń kú lọ tí ẹ bá ti ní kó sáré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ o, ọ̀nà epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí ihò atẹ́gùn orí táǹkì, tó bá dí, epo ò ní ráyè wá. Ẹ wá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ epo: tó bá fún pọ̀ pẹlẹbẹ, nǹkan ti dí láàárín òun àti táǹkì, tó bá kọ̀ tí kò le, afẹ́fẹ́ ń wọ họ́ọ̀sì tàbí fáàfù ẹ̀ ti bàjẹ́. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ti ra púlọ́ọ̀gì tuntun kí wọ́n tó wo ibẹ̀. Ẹ wo fílítà epo náà, bóyá omi wà ńbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ṣáá tí ọkọ̀ ò sì sáré, ó lè jẹ́ pé rọ́bà inú própẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi, ló ń yọ̀ yẹn.