Alhamdulillah! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ọgbẹ́ inú ló ń ṣe mí, ẹ wá gbọ́

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Iṣan ọkàn mi ló dí, wọ́n sì ti là á. Mo ti padà sí ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, mo ń ká adìrẹ, mo ń ná ọjà, èémí mi ò sì gé mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè tí n kò gbé e, ẹ má bínú, ọwọ́ àwọn ọmọ ni fóònù wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbé e kiri pé mo ti kú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àgbọ̀n ló ń ro mí, kì í ṣe àyà. Bí mo bá ru ẹrù tí mo fi gun òkè díẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé òkè ò tán ní Abẹ́òkúta, àgbọ̀n á máa ro mí, èjìká òsì á wúwo, èébì á máa gbé mi. Bí mo bá jókòó, á lọ. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n fún mi ní oògùn funfun olómi yẹn. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tó mọ ara rẹ̀, ní ayé ló ń bá mi jà. Ẹlòmíì ní àwọn ọ̀gá oníkùn ńlá ni àìsàn ọkàn ń ṣe, pé kí ló fẹ́ wá ṣe lára obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ bíi tèmi.

Èsì ẹ̀jẹ̀ wá dé, ẹnu wọn tún le sí i. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, lápapọ̀ jẹ́ 192. Wọ́n ní kò ṣáà tíì pé 200, kí n lọ sinmi. Àwọn kan ti ń kí mi kú oríire.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló kọ̀ jálẹ̀. Dókítà ni, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ó ní ọmọ ilé ìwé ni. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ bojú wo 192. Bírò ló fà yọ, ó fi yí ìlà kejì ìsàlẹ̀ po, ó tẹ̀ ẹ́ tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. “Mà, HDL yín 36 ni. Obìnrin yẹ kó ní 50, ó kéré tán. Òun ló ń kó ọ̀rá kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ padà sí ẹ̀dọ̀.” LDL, tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan, jẹ́ 118. Triglycerides, irú ọ̀rá míì nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 190, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó pé 150. Ó yọ 36 kúrò nínú 192, ó ku 156. Ó ní 156 yẹn ni gbogbo èyí tó lè dí iṣan. Èmi ọlọ́jà, ó yé mi wéré: bí ẹni ń ka owó inú àpò láì yọ gbèsè ni. (Ìwọ̀n mg/dL ni wọ́n fi kọ tèmi. Bí ti yín bá jẹ́ mmol/L ni wọ́n fi kọ ọ́, 192 á di nǹkan bíi 5. Ẹ má tìtorí pé ó kéré sáré jó.)

Ó wá bi mí nípa bàbá mi. Mo ní Lafẹ́nwá ni wọ́n ṣubú sí, wọn ò tíì pé ẹni ọdún 55, gbogbo ẹbí sì ní wọ́n ta á ní ọfà ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mà, ìwé yìí kàn ń sọ pé ewu wà ni. Kò lè sọ iṣan tó dí, kò sì lè sọ bó ṣe dí tó. Àwọn kan wà tí èsì wọn burú ju èyí lọ tí iṣan wọn là, àwọn kan wà tí tiwọn dáa tí iṣan wọn ti bàjẹ́. Àfi ká wo inú.” Ó ní kí n rìn lórí ẹ̀rọ, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, ìlà tó ń fi bí ọkàn mi ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn lórí ìwé yí padà. Ó kọ lẹ́tà sí Èkó lọ́jọ́ náà.

Àwọn alájọ mi gbé owó fún mi kó tó kàn mí. Ìyá tó yẹ kó kó o, ìyàwó ọmọ rẹ̀ fẹ́ bímọ, ó ní kí n máa gbé e lọ. Mi ò ní gbàgbé láéláé.

Èkó yẹn ni ẹ̀rù ti bà mí. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n gbà ki rọ́bà tín-ín-rín kan wọ inú iṣan dé ọkàn, ojú mi sì là kedere. Mo rí ọkàn ara mi lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń lù. Wọ́n ta oògùn sí i, iṣan ńlá iwájú ọkàn yọ dúdú, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé àárín, ó tín-ín-rín. Ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ti dí. Wọ́n wá ki bàlúùnù wínníwínní kan bọ ibẹ̀, wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ gbà mí! Ìrora àgbọ̀n yẹn gan-an ló dé, àgbọ̀n kan náà, èjìká kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kálímà. Wọ́n ní, “Mọ́mì, a ti ń jò ó sílẹ̀.” Wọ́n jò ó, ìrora dá wáí. Wọ́n fi stent, páìpù onírin wínníwínní kan, tì í kó má bàa padà dí.

Ẹ̀yin ọlọ́gbẹ́ inú, ṣé ẹ gbọ́? Inú iṣan ọkàn ni wọ́n fọwọ́ kàn tí àgbọ̀n mi fi dáhùn.

Atorvastatin, oògùn tó ń dín LDL kù, ni mò ń lò báyìí, pẹ̀lú aspirin àti oògùn kan tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dì. LDL mi ti já sí 61, wọ́n ní ó ṣì kù, ìsàlẹ̀ 55 ni wọ́n ń fẹ́ fún ẹni tó ti rí ohun tí mo rí. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé kí n dá oògùn dúró torí ó ti wálẹ̀, kí n máa mu àgbo òun. Kí ni ẹ rò pé ó gbé e wálẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé epo pupa ò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá tó ń gbé LDL sókè. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́, ẹ dín dídà kù. Bẹ́ ẹ bá ṣàyẹ̀wò, ẹ gba ìwé, ẹ ka gbogbo ìlà.

Dókítà mi, bóo bá ń ka èyí, Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere. Bóo bá ti ní, á fún ọ ní ọmọ rere.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni sàárà, lẹ́yìn ìrun, nílé wa. Àmàlà láfún àti ewédú ló wà, ẹja la fi sè é. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀kọ́tọ̀ kó gbé tirẹ̀ dání.