Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò kúnlẹ̀ mọ́

Ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, obìnrin tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ìwà rẹ̀ ni wọ́n máa gbé yẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè orúnkún. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn mí tipẹ́, ó sì ń dùn mí ju orúnkún fúnra rẹ̀ lọ.

Handball ni mo ń gbá nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lórí ilẹ̀ pupa tó le gbagidi. Mo fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀, ara mi yí, ẹsẹ̀ kò yí. Mo gbọ́ "pà" nínú orúnkún mi. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti wú. Wọ́n fi òrí ra á, wọ́n fi aṣọ dì í. Nígbà tó fọn, gbogbo ilé ní ó ti san, mo bá padà sórí pápá.

Ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti ń tan èèyàn jẹ. Iṣan kan wà láàárín orúnkún tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú. Tó bá já tán, kì í sábà so padà fúnra rẹ̀. Wíwú á lọ, ìrora á lọ, èèyàn á máa rìn geere, àfi ìgbà tó bá fẹ́ yà lójijì tí orúnkún á yẹ̀. Bó ṣe ń yẹ̀ ni kèrékèré, eegun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjèèjì, ń ya. Tèmi ti ya kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Kútọnu. Nínú àwọn tí irú èyí bá ṣe, ó tó ìdajì tí làkúrègbé máa ń dé sínú orúnkún wọn láàárín ọdún 10 sí 20. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣeré ìdárayá ni iṣan yìí sì máa ń já fún ju ọkùnrin lọ.

Òwúrọ̀ ló le jù. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo máa na ẹsẹ̀, mo máa ká a, kí n tó dìde. Onízem, ọlọ́kadà wa níbí, tó bá mọ̀ mí á tẹ alùpùpù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó gùn ún. Tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, tí irin ọrùn ẹsẹ̀ wọn ń dún, orúnkún wọn ni mò ń wò.

Níbi ìsìnkú kan, màmá àgbà kan nínú ẹbí ọkọ mi sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn: "Ṣé ìwé tó o kà ni kò jẹ́ kí orúnkún rẹ kanlẹ̀?" Ẹkún ni mo sun délé. Ìyá ọkọ mi ló gbà mí. Ó mú mi lọ bá màmá náà, ó ká ìró mi sókè, ó gbé ọwọ́ màmá àgbà náà lé orúnkún mi, ó ní kí n ká a. Wọ́n gbọ́ bí eegun ṣe ń ha ara wọn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Yéè, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o." Ní báyìí, tí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ti pariwo pé kí n má kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wá.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni fífún iṣan itan lágbára. Mo máa ń ká aṣọ sábẹ́ orúnkún, mo máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo máa sinmi, mo tún máa tẹ̀ ẹ́. Mo sì fọn díẹ̀, torí kílò 1 tí èèyàn bá dín kù, á gbé bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ ni mí, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi bí wọ́n ṣe ń fò balẹ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì, kí orúnkún ká díẹ̀, kó má wọnú. Orúnkún ọ̀kan nínú wọn wú lóṣù tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ní ó ti fọn. Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a ti fẹnu kò: kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan títí dókítà á fi wò ó.