Adìẹ ló gbé O-ring éésì mi mì

Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí o, lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ ẹkún ló kù kí n sun.

Éésì mọ́tò mi ti ń fẹ́ ooru tipẹ́, èmi náà kàn ń sanwó gáàsì ṣáá ni, tí wọ́n bá rọ ọ́ sí i lónìí á tutù nini, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀wù á ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn nínú gósìló Mile 12. Ìgbà tí mo bá rewaya kan ní Ìtamága ló ní, "Ọ̀gá, mọ́tò kì í jẹ gáàsì bó ṣe ń jẹ epo o. Tó bá ti ń dín, ó ń jò nìyẹn." Ó po ọṣẹ sómi, ó dà á sójú ibi tí páìpù ti wọ kọ̀ńdẹ́nsà tó ń lé ooru gáàsì jáde, ló bá ń hó. O-ring ibẹ̀, rọ́bà roboto tó ń dí ojú páìpù kí gáàsì má baà jò, ti gbẹ, ó ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà.

Ó mú tuntun mẹ́rin jáde, àwọn aláwọ̀ ewé kéékèèké yẹn, ó fi ọ́ìlì kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ pa wọ́n lára, ó tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn nílẹ̀, wọ́n ń dán bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi wọ́n. A bẹ̀rẹ̀ ká wá spanner tó já bọ́, àfi bí mo ṣe gbọ́ "kọ́". Adìẹ ìyá alámàlà! Ó ti gbé ọ̀kan mì, ó tún na ọrùn sí ìkejì.

Ni rewaya bá gbá tọ̀ ọ́, èmi náà ń sá tẹ̀lé e, tèmi tagbádá Jímọ́ọ̀. Màmá jáde tòun tomorogùn: "Kí ladìẹ mi gbà lọ́wọ́ yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, O-ring éésì mi ló wà níkùn ẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Tó bá kú, ẹ ó san owó ẹ̀ àti ti ẹyin tí ì bá yé."

Ó yẹ kí n lọ Sábó lọ ra òmíràn, ahun ò jẹ́. Mo gba rọ́bà dúdú ti ẹ̀rọ omi lọ́wọ́ púlọ́ńbà òdìkejì, ó kúkú rí roboto bákan náà. Rewaya ní òun ò fọwọ́ sí i o, pé agbára tí gáàsì fi ń ti inú páìpù yẹn lè ju 200 psi lọ tí oòrùn bá mú, àti pé gáàsì éésì tí wọ́n ń pè ní R134a pẹ̀lú ọ́ìlì ẹ̀ máa ba rọ́bà tí kì í ṣe tiẹ̀ jẹ́. Mo ní kó ṣáà fi sí i. Ó fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú ẹ̀ fún bíi 30 ìṣẹ́jú, ó rọ gáàsì, ó dà bí yìnyín! Mo ń gbọ̀n délé, mo ń fi rewaya rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta, ní Ògòlóńtò, mo gbọ́ "ssss". Ooru dé.

Mo padà lọ sanwó gáàsì lẹ́ẹ̀kejì, mo ra O-ring gidi. Lọ́tẹ̀ yìí inú àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo kó wọn sí, mo di ọwọ́ pinpin. Adìẹ yẹn ṣì wà láyé o, ara ẹ̀ le koko, ó dúró tì mí lẹ́sẹ̀, ó ń wo ìkúùkù mi. Màmá sì pè mí látẹ̀yìn ìkòkò àmàlà:

"Ó ti yé ẹyin méjì látọjọ́ yẹn, ẹ wá wò ó bóyá tiyín wà nínú ẹ̀."