Orin àtijọ́ là ń jó

Níbi ìnáwó kan n'Íbàdàn lánàá, DJ ju “On the Floor” ti Jennifer Lopez sí i. Ẹ wá wo àwọn ìyá onígèlè! Orin ọdún 2011 o, kò sẹ́ni tó jókòó.

Àbúrò mi tó wálé láti Amẹ́ríkà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí obìnrin yìí fẹ́ fi àwo tuntun rẹ̀ ṣeré kiri lọ́dún 2024, òun wo àwòrán ìjókòó gbọ̀ngàn kan lórí fóònù. Àmì búlúù kéékèèké lọ bẹẹrẹ, látẹ̀yìn títí dé iwájú. Búlúù kan, ìjókòó kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì rà.

Àwo náà bẹ̀rẹ̀ ní ipò 38 lórí àtẹ Billboard, ìyẹn àtẹ tí wọ́n fi ń to àwọn àwo tó ń tà jù l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí oṣù Karùn-ún fi máa parí, wọ́n fagi lé gbogbo eré náà; wọ́n ní ó fẹ́ ráyè gbọ́ tàwọn ọmọ àti ẹbí rẹ̀.

Lójú tèmi o, ọ̀rọ̀ òun àti Ben Affleck, òṣèré fíìmù tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà náà, ti kún etí wa kí orin tó dé. Ta ló fẹ́ sanwó gọbọi fún ìtàn ìfẹ́ tó ti gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ̀yin ńkọ́? Olórin wo lẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ ò lè dárúkọ orin kan ṣoṣo nínú àwo tuntun ẹ̀?